Yíyàwòrán oyin lórí òdòdó inú ọgbà ilé: ẹ jẹ́ kí a kó ìmọ̀ wa jọ

Onílé-Ọlọ́gbà:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọgbà kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi, mo gbin òdòdó oòrùn, ẹfinrin àti elégédé síbẹ̀, oyin kì í sì í wọ́n níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó wù mí gidigidi láti máa yà wọ́n nígbà tí wọ́n bá bà lé òdòdó, kí ojú wọn mọ́ kedere, kí irun ara wọn hàn, kí àtíkè òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn sì ṣeé rí. Àmọ́ kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, oyin ti fò lọ, èyí tó bá sì dúró, àwòrán rẹ̀ a máa rí bàìbàì. Kámẹ́rà mi jẹ́ irú èyí tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, fóònù mi náà sì ń ya àwòrán dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀, kí ni mo sì lè fi sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ti mọ́ mi lára?

Awòye-Òdòdó:

Ẹ kú ìfẹ́ oyin o. Ìmọ̀ràn tí mo kà sí pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ má ṣe máa lé oyin kiri. Òdòdó ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé oyin láti orí òdòdó kan dé orí òmíràn yóò máa débẹ̀ lẹ́yìn tí oyin ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti yan òdòdó kan tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí dáadáa, tó ti dojú kámẹ́rà kọ ọ́, tó sì dúró jẹ́ẹ́, oyin ni yóò wá bá a. Kò sí lẹ́ńsì olówó gọbọi kan tó lè ṣe iṣẹ́ tí sùúrù yìí ń ṣe.

Ìdí tí èyí fi ń so èso rere ni pé ìrìn oyin kì í ṣe ìrìn kiri lásán. Bí oyin afárá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera, bá jáde láti wá oúnjẹ, irú òdòdó kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bẹ̀ wò títí tí yóò fi padà sílé. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, pàápàá ti kíyè sí èyí láyé àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí oyin kan lórí ẹfinrin, ẹfinrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa fojú sọ́nà sí, kì í ṣe elégédé. Oyin tún máa ń rántí àkókò. Bí òdòdó kan bá máa ń ní omi dídùn ní wákàtí kan pàtó lójúmọ́, oyin yóò mọ wákàtí náà, yóò sì padà wá ní déédéé ìgbà náà lọ́jọ́ kejì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ingeborg Beling, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1929. Wákàtí tí oyin bá pọ̀ jù lórí òdòdó yín lónìí ni kí ẹ ti wà ní sẹpẹ́ lọ́la.

Ní ti àwọn òdòdó mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, ọ̀nà tí ẹ ó fi dúró de oyin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Òdòdó elégédé máa ń là ní ìdájí, ó sì sábà máa ń kákò kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù nìkan ni ti rẹ̀. Oyin a máa rì sínú rẹ̀ pátápátá, ẹ ò sì ní rí ju ìdí rẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá ń gun ògiri òdòdó náà jáde, tí àtíkè bo gbogbo ara rẹ̀, ni kí ẹ máa dúró dè, kí fókọ́ọ̀sì yín (ibi tí kámẹ́rà ń mú mọ́ kedere) sì ti wà ní etí òdòdó náà ṣáájú kí ó tó yọ orí. Ní ti òdòdó oòrùn, ohun tí ojú ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo yẹn jẹ́ àìmọye òdòdó wẹ́wẹ́ tó kóra jọ. Àwọn tó wà létí ló kọ́kọ́ ń là, lílà náà a sì máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Orí òbìrí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni oyin máa ń rìn yí ká, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá wo òdòdó náà dáadáa kí oyin tó dé, ẹ ó ti mọ ojú ọ̀nà tí yóò gbà rìn. Òdòdó ẹfinrin ní tirẹ̀ to ara rẹ̀ sókè lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, oyin a sì sábà máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kì í pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan rárá, nítorí náà ẹ fi kámẹ́rà sí ọ̀kánkán òdòdó tó wà lókè èyí tí oyin wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni yóò gun òkè wá bá yín.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oyin máa ń fi òórùn díẹ̀ sílẹ̀ lórí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi rẹ̀ tán, àwọn oyin tó bá tẹ̀ lé e a sì máa gbọ́ òórùn náà, wọn a yà kúrò láìbà. Bí oyin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òdòdó tí ẹ yàn, tí àwọn mìíràn sì ń fò kọjá lórí rẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀yin lẹ lé wọn. Òórùn náà kì í pẹ́ kí ó tó lọ, omi òdòdó náà a sì tún sun.

Ayàwòrán-Kòkòrò:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Awòye-Òdòdó sọ, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kámẹ́rà. Kí ẹ tó yí nǹkan kan padà lórí rẹ̀, ẹ gbé àwọn àwòrán tó rí bàìbàì yẹn sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì wá ibi tó mọ́ kedere jù nínú wọn. Bí òdòdó tí oyin dúró lé bá mọ́ ṣùgbọ́n tí oyin fúnra rẹ̀ kò mọ́, oyin ló yíra padà, ìyára ṣọ́tà yín (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí, tó sì ń yára pa dé) ló kéré. Bí ó bá jẹ́ ewé iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ló mọ́, fókọ́ọ̀sì ló bọ́ sí ibòmíràn. Bí kò bá sí ohun kan tó mọ́ nínú gbogbo àwòrán náà, ọwọ́ yín ló mì. Ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ra lẹ́ńsì tuntun nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n.

Ní ti ìyára ṣọ́tà, oyin tó wà lórí ìdúró tó ń mu omi òdòdó kò béèrè ju 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lórí òdòdó oòrùn nílò 1/1000 ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ẹ fẹ́ ti yà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/2000, kí ẹ sì máa gòkè. Oyin afárá a máa lu ìyẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 230 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ní 1/2000 pàápàá, ìyẹ́ náà yóò ṣì máa ṣe bí èéfín díẹ̀. Èmi ò ka ìyẹn sí àbùkù, nítorí pé ojú àti ara oyin tó mọ́ kedere pẹ̀lú ìyẹ́ tó ń gbọ̀n ń jẹ́ kí ẹni tó ń wo àwòrán mọ̀ pé ohun alààyè ni. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó fún ìyára tí ẹ nílò, ẹ gbé ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) sókè láìbẹ̀rù. Àwòrán tó ní hóróhóró díẹ̀ ṣì wúlò, èyí tó rí bàìbàì kò wúlò.

Fókọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ náà ti nira jù. Ara oyin afárá tó ń ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 12 sí 15 lọ ní gígùn. Bí ẹ bá fi lẹ́ńsì macro (èyí tí a fi ń ya ohun kékeré ní ìtòsí) súnmọ́ ọn títí tí àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá (ohun inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán) fi tóbi bí òun fúnra rẹ̀, ní f/8 (ìwọ̀n ojú lẹ́ńsì: bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ojú náà ń kéré sí i), ibi tí yóò mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ẹ rò ó wò: ojú yóò mọ́, ẹ̀yìn orí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà sẹ́yìn títí oyin fi di ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀, ibi tó mọ́ náà yóò di nǹkan bíi mìlímítà 3. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí ó má súnmọ́ tó bí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe lè súnmọ́ tó. Kí ó fi àyè sílẹ̀ yí oyin ká, kí ó sì gé etí àwòrán kúrò tó bá délé. Èmi máa ń wà láàárín f/8 sí f/11. Bí ẹ bá dín ojú lẹ́ńsì kù kọjá f/16, gbogbo àwòrán náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nítorí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà tẹ̀ nígbà tó bá ń gba ihò tóóró kọjá.

Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti máa ya oyin ní ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo gígùn ara rẹ̀ wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú iwájú lẹ́ńsì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orí, ìyẹ́ àti ìdí rẹ̀ yóò fi bọ́ sínú mìlímítà díẹ̀ tí ẹ ní yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ya iwájú rẹ̀, ojú ni kí ẹ di mú. Àwòrán oyin tí ojú rẹ̀ kò mọ́ kò ṣeé gbà là, bó ti wù kí àwọ̀ òdòdó dára tó. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ìwọ̀n kan, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án mọ́, kí ẹ wá máa tẹ ara yín síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa yà lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ojú oyin bá ti ń mọ́. Ó yára ju kí ẹ máa dúró de fókọ́ọ̀sì aláìfọwọ́yí, èyí tí ewé òdòdó máa ń fà mọ́ra.

Bí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ńsì macro, èyí tó wà ní nǹkan bíi mìlímítà 90 sí 105 ni ó yẹ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹ jìnnà sí oyin díẹ̀, ju ti mìlímítà 50 tàbí 60 lọ. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ ra nǹkan kan, òrùka tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì yóò sọ lẹ́ńsì tí ẹ ní di èyí tó lè súnmọ́ nǹkan. Kò ní gíláàsì kankan nínú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ yín.

Onífóònù-Nìkan:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbàgbé fóònù yín. Fóònù ní àǹfààní kan tí kámẹ́rà ńlá kò ní: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, ibi tó ń mọ́ kedere sì ń tipa bẹ́ẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka tẹ ojú fóònù níbi tí òdòdó wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi ti fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ pa, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀ kí òdòdó funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè má baà jóná sí funfun báláú. Ẹ má fi ìka fa àwòrán tóbi lójú fóònù, ohun tí ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé náà ni. Tí fóònù yín bá ní lẹ́ńsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ lò ó. Ó sàn ju kí ẹ ti fóònù bọ oyin lójú.

Ọ̀nà mìíràn tó ṣe mí láǹfààní púpọ̀ ni kí n fi fídíò 4K yà á, kí n wá yọ àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fídíò bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 8 píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), ó sì tó láti tẹ̀ sórí ìwé tí kò tóbi jù. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni ìyẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù, àti kámẹ́rà tó ń lo ṣọ́tà aláìdún, kì í ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ni wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹ́ tó ń lu kíákíá a sì máa yọrí sí ohun tó wọ́ tàbí tó gé. Oyin tó bà sílẹ̀, tó ká ìyẹ́ rẹ̀, kò ní wàhálà yìí.

Onílé-Ọlọ́gbà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù. Àkọ́kọ́, ẹ̀rù pé kí oyin má ta wá ń bà mí díẹ̀, àgàgà nítorí pé ọmọ mi máa ń tẹ̀ lé mi lọ sínú ọgbà. Báwo ni a ṣe lè súnmọ́ wọn láìbínú wọn? Èkejì, ṣé kí n máa lo iná fílàṣì ni àbí kí n máa lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìkan?

Olùtọ́jú-Oyin:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èkíní. Oyin tó wà lórí òdòdó kò ní ilé tó ń ṣọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ló bá wá. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ kò fún un pọ̀ mọ́ òdòdó, tí kò sì há sínú aṣọ tàbí irun orí yín, ó ṣọ̀wọ́n kí ó ta yín. Ohun tó wà nídìí ilé oyin yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rí i pé oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde lára ihò igi tàbí ti ògiri, ẹ má gbé kámẹ́rà lọ síwájú ihò náà, ẹ má sì dúró ní ojú ọ̀nà ìfò wọn. Èémí ènìyàn pàápàá máa ń bí àwọn tó ń ṣọ́lé nínú.

Bí ẹ bá ń súnmọ́ oyin lórí òdòdó, ẹ rìn jẹ́ẹ́, kí ẹ má sì ju ọwọ́ sókè lójijì, nítorí pé ojú oyin ń tètè rí ohun tó bá mì ju ojú tiwa lọ. Ẹ ṣọ́ òjìji yín. Ibi tí oyin máa ń ti fò lọ jù nìyẹn: ẹni tó ń yàwòrán kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ òjìji rẹ̀ ti bo òdòdó mọ́lẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, tí kò nírun, kí ẹ má sì fi lọ́fínńdà sára lọ́jọ́ náà. Bàtà ṣe pàtàkì fún ọmọdé ju ohunkóhun mìíràn lọ, torí oyin a máa wà lórí àwọn òdòdó kéékèèké inú koríko, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ òfìfo ti ń bá wọn pàdé.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé oyin afárá ta ènìyàn, abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ ní ìkọ́, yóò sì dúró sínú awọ ara, yóò máa tú oró sí i lẹ́yìn tí oyin ti lọ. Ẹ yọ ọ́ kíákíá; bí ẹ ṣe tètè yọ ọ́ ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tí ẹ gbà yọ ọ́ lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí pé òórùn tó ń jáde níbi ìtani yẹn ń pe àwọn oyin mìíràn, pàápàá bí ilé wọn bá wà nítòsí. Bí ètè, ojú tàbí ọ̀fun ẹni náà bá ń wú, tí mímí rẹ̀ le, tàbí tí ó ń dákú lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ara òun kọ oró oyin kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín nípa ohun méjì. Ẹ má fi oyin tí à ń lá kun òdòdó láti fi fa àwọn oyin mọ́ra, nítorí pé oyin inú ìgò lè gbé kòkòrò àrùn tó ń pa ìdin oyin wọ ilé wọn. Ẹ má sì fún oògùn apakòkòrò sára òdòdó tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá bà lé.

Ayàwòrán-Kòkòrò:

Ní ti fílàṣì, èmi ń lò ó, mo sì gbà pé òun ni ó ń dá ìyẹ́ oyin dúró jù. Bí ẹ bá fi agbára fílàṣì sí ìwọ̀n kékeré, bí 1/16 tàbí 1/32, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ ju ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó kúrú ju ìyára tí ọ̀pọ̀ ṣọ́tà lè dé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tàn án lásán. Ara oyin ń dán, bí iná náà bá sì bọ́ sí i ní tààrà, àmì funfun líle ni yóò fi sí i lójú àti lẹ́yìn. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí bébà pẹlẹbẹ dí iwájú rẹ̀, kí ó sì súnmọ́ oyin bó ti ṣeé ṣe, nítorí pé bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá ṣe tóbi tó lójú oyin ni yóò ṣe rọ̀ tó.

Olùfẹ́-Ìmọ́lẹ̀:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi Ayàwòrán-Kòkòrò, àmọ́ èrò tèmi yàtọ̀. Fílàṣì sábà máa ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di dúdú bí òru, oyin a sì dà bí ohun tí wọ́n yà nínú yàrá. Inú ọgbà ni oyin yìí wà, mo sì fẹ́ kí ọgbà náà hàn. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, àti èyí tó ṣáájú wíwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a máa wá láti ẹ̀gbẹ́, a máa rọ̀, a sì máa gbé irun ara oyin yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dojú kọ oòrùn, tí oyin sì wà láàárín yín, ìmọ́lẹ̀ a gba inú ìyẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo iṣan inú ìyẹ́ náà a sì hàn. Kò sí fílàṣì tó lè fún yín ní irú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ní ọ̀sán gangan, ẹ fi aṣọ funfun kékeré bo òdòdó lókè, tàbí kí ẹ gbé páálí funfun sí ìsàlẹ̀ kí ó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ikùn oyin. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run náà dára púpọ̀, ISO nìkan ni ẹ ó gbé sókè.

Ayàwòrán-Kòkòrò:

Mo gbà fún yín nípa ti ìyẹ́ tó gba oòrùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ó sàn kí ó kọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn kí ó tó ra fílàṣì.

Olùwádìí-Kòkòrò:

Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo ẹni tó bá ń ya oyin yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oyin ni lóòótọ́. Àwọn eṣinṣin kan wà tí àwọ̀ wọn jọ ti oyin, tí ilà dúdú àti ìyeyè wà ní ìdí wọn, tí wọ́n sì máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹ́ méjì péré ni eṣinṣin ní, mẹ́rin ni ti oyin. Ìwo orí eṣinṣin kúrú bíńtín, ti oyin gùn, ó sì ṣẹ́ po bí ìgúnpá. Ojú eṣinṣin sì tóbi gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú yíya eṣinṣin wọ̀nyí, àwọn náà ń gbé àtíkè láti òdòdó dé òdòdó, kódà wọ́n rọrùn láti fi kọ́ yíya ohun tó ń fò nítorí dídúró tí wọ́n ń dúró nínú afẹ́fẹ́ yẹn.

Oyin afárá nìkan kọ́ sì ni oyin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú oyin ló wà láyé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í gbé inú afárá, tí abo kọ̀ọ̀kan ń dá ilé tirẹ̀ kọ́ sínú ilẹ̀ tàbí inú igi. Bí tòmátì tàbí ìgbá bá wà nínú ọgbà yín, ẹ jókòó tì wọ́n. Àtíkè òdòdó wọn wà nínú àpò tóóró tí oyin afárá kì í lè gbọ̀n jáde, ṣùgbọ́n oyin ńlá tó ń gbẹ́ ihò sínú igi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Xylocopa, yóò fi ẹnu di òdòdó náà mú, yóò sì gbọ̀n ara rẹ̀ títí àtíkè yóò fi tú sí i lára. Etí yín yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ yóò ga sókè lójijì nígbà tó bá ń gbọ̀n ọ́n. Òdòdó wọ̀nyí ń dojú kọlẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ni kí ẹ ti gbé kámẹ́rà wò ó.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tó ń fẹ́ àwòrán tó mọ́ láti orí dé ìdí. Akọ ọ̀pọ̀ oyin tó ń dá gbé kì í ní ilé tó ń sùn sí. Ara igi koríko tàbí inú òdòdó ni wọ́n ń sùn mọ́jú, àwọn irú kan a tilẹ̀ fi ẹnu bu igi náà jẹ, wọn a rọ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ wá wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ padà lọ kí oòrùn tó yọ. Ara wọn tutù, wọn kò lè fò, ẹ sì lè gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ya àwòrán púpọ̀ tí fókọ́ọ̀sì wọn ń sún díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wá pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Èyí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú oyin tó ń rìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbé oyin sínú fíríìjì kí ó lè dákẹ́ fún àwòrán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ó ń fìyà jẹ ẹ̀dá náà, àwòrán rẹ̀ kì í sì í jọ ti oyin tó wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ẹni tó mọ oyin ni yóò mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ irú oyin tí ẹ yà, ẹ ya ojú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ìyẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ọ̀nà tí iṣan ìyẹ́ gbà pín ni a fi ń ya ọ̀pọ̀ wọn sọ́tọ̀. Ẹ lè gbé wọn sórí ìkànnì iNaturalist, níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò ti ń bá ara wọn dá irú rẹ̀ mọ̀. Ẹ kọ orúkọ òdòdó tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

Onílé-Ọlọ́gbà:

Mo ti ń rí iyàtọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń dúró ti òdòdó oòrùn dípò lílé oyin. Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni atẹ́gùn, torí pé òdòdó ẹfinrin kì í dúró sójú kan. Ẹ̀yìn àwòrán mi náà sì kún fún ewé àti igi gbígbẹ. Òdòdó wo ni kí n fi kún àwọn tó wà níbẹ̀?

Olùfẹ́-Ìmọ́lẹ̀:

Ẹ ri ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹfinrin náà, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn di méjèèjì mú pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tí kámẹ́rà ń wò. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀ jù. Ní ti ẹ̀yìn àwòrán, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ tàbí kí ẹ rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ kí ohun tó wà lẹ́yìn oyin lè jìnnà. Bí ó bá ti jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ bíi mélòó kan, yóò di àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọ̀.

Awòye-Òdòdó:

Kí ẹ tó wá irú òdòdó tuntun, ẹ kọ́kọ́ sọ àwọn tó wà níbẹ̀ di púpọ̀ sójú kan. Ẹfinrin tó kún ìwọ̀n mítà kan ní ìbú àti ní òró ń fa oyin mọ́ra ju igi ẹfinrin kọ̀ọ̀kan tó fọ́n káàkiri ọgbà lọ, nítorí irú òdòdó kan ṣoṣo tí oyin ń bẹ̀ wò nínú ìrìn rẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú ẹfinrin náà tanná, ẹ má gé gbogbo orí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, àwọ̀ ni kí ẹ wò. Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, ẹni tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973, fi hàn pé oyin mọ àwọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí, ṣùgbọ́n wọn kì í rí pupa bí a ṣe ń rí i. Òdòdó aláwọ̀ búlúù, elése àlùkò, ìyeyè àti funfun ni kí ẹ gbìn, kí ẹ sì yan èyí tí ewé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo dípò èyí tí wọ́n ti sọ di onípele púpọ̀, torí pé nínú irú èyí, ewé ti gba ibi tí àtíkè àti omi dídùn ì bá wà, oyin kì í sì í rí ọ̀nà wọlé. Ẹ tò wọ́n kí àwọn tó ga wà lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn àárọ̀ ti ń wá, kí ẹ lè máa dúró síbẹ̀ láìfi òjìji bò wọ́n.